Oyún Tó Bọ́ ní Èbúté Owó-Bodè

Lọ́jọ́ tí oyún bọ́ lára Bọ́láwùmí níwájú gbogbo èrò èbúté, kò sẹ́ni tó sunkún. Òun gan-an alára kò sunkún. Ṣe ló ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí igbá ọbẹ̀ dànù lọ́wọ́ rẹ̀ lójú àlejò.

Ogun Kírìjì ti parí nígbà náà, àwọn jagunjagun ti padà sílé lọ tún orùlé wọn ṣe, ọ̀nà oko àti ọ̀nà odò sì ti ń gba èrò. Ṣùgbọ́n bí ogun ṣe ń lọ ni owó-bodè ń bọ̀. Lójú ọ̀sà tó wà láàárín Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì, òyìnbó Faransé jókòó sápá kan, òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì jókòó sápá kejì, wọ́n sì fa ààlà sórí omi, bí ẹni pé omi ń gba ààlà. Tábà téèyàn rà lọ́pọ̀ ní Àjàṣẹ́, tó bá fi máa kọjá ààlà yẹn, owó-bodè á ti jẹ èrè rẹ̀ tán. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin oníṣòwò fi kọ́ iṣẹ́ fàyàwọ́, wọ́n sì kọ́ ọ dójú àmì.

Ọmọ Ìbàdàn ni Bọ́láwùmí, opó tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ọkọ rẹ̀ bógun lọ, kò bógun bọ̀. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó ró ìró kíjìpá aláró kan tó nípọn, ó da ìborùn sí èjìká, ó fi iyùn sọ́rùn, ó sì gbé ikùn rìgìdì síwájú. Ẹni tó bá rí i á rò pé oṣù rẹ̀ ti pé. Tábà ni. Ewé tábà Àgùdà tó dára jù lọ ni, gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló sì fi rà á. Ó tẹ́ ẹ léra wọn, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ wé e kí òógùn ara má baà bà á jẹ́, ó fi aṣọ bò ó, ó wá fi ọ̀já gbà á mọ́nú, ó ta kókó sí ìhà òsì. Bí tábà yìí bá dé Ìbàdàn, Bọ́láwùmí di ẹni tó ní ìsọ̀ tirẹ̀. Bí àwọn aṣọ́bodè bá gbà á, igi ni yóò máa ṣẹ́ tà.

Ayẹni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló tukọ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan pákó èbúté, aṣọ́bodè kan sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé wọn. Lúùkù ni wọ́n ń pè é, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ̀n, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó wọ kóòtù aláwọ̀ ojú ọ̀run tí bọ́tìnnì idẹ ń dán lára rẹ̀.

“Ẹ kú ojú omi o, ìyá,” ni Lúùkù wí, ó sì ṣí fìlà. “Mo bẹ̀ yín, kí lẹ rù?”

“Ẹ kú iṣẹ́ ọba, ọ̀gá. Ẹja gbígbẹ ni, iyọ̀ díẹ̀, àti èyí tí Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ.” Bọ́láwùmí fọwọ́ pa ikùn rẹ̀.

“Ó kù bí oṣù mélòó?”

“Háà, ọ̀gá, ó ti dé tán. Ẹ má dá mi dúró o, kó má baà jẹ́ ọwọ́ yín ni mo máa bí i sí.”

Ojú ti Lúùkù díẹ̀, torí kò tíì gbéyàwó. Ó na ọwọ́ láti fà á gòkè. Bọ́láwùmí gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó, ó fi èkejì sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ọkọ̀ sún sẹ́yìn, obìnrin yà gàà, ọ̀já tú. Ẹrù náà yọ́ láti abẹ́ ìró, ó bọ́ lulẹ̀ gbì! Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ya, òórùn tábà sì gba gbogbo èbúté kan.

Lúùkù wo ilẹ̀, ó wo ikùn Bọ́láwùmí tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó wá wo ojú rẹ̀. Òfin ní kó mú un lọ sílé ẹjọ́, kó sì gba ẹrù. Bí ó bá sì dákẹ́, tí òyìnbó ọ̀gá rẹ̀ tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbọ́, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Ohun tí Lúùkù ṣe, ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ ná. Mo fẹ́ kọ́kọ́ mú yín dé Bódìjà n'Íbàdàn, torí Bódìjà ni wọ́n ti ń jìyà oyún tó bọ́ yìí títí di àìpẹ́ yìí.

Bódìjà òde òní ni mo wí, ti géètì gíga àti ẹ̀rọ amúnáwá. Níbẹ̀ ni Tẹjúmọ́lá, ọmọ ìdílé Lúùkù, ń gbé pẹ̀lú Adéróunmú ọkọ rẹ̀. Olùkọ́ ìmọ̀ ìtàn ni Tẹjúmọ́lá ní yunifásítì, iṣẹ́ fàyàwọ́ etí òkun láyé àtijọ́ ló sì ń ṣèwádìí lé lórí. Gbogbo ẹni tó ń ṣe fọ́tókópì l'Ágbowó ló mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ràn àwọn onífàyàwọ́ yẹn ju bó ṣe yẹ kí akọ̀tàn fẹ́ràn arúfin lọ. Bó bá rí ibi tí obìnrin kan ti fi jíìnì pamọ́ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀ adìẹ, á pariwo láti yàrá ìwé rẹ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀lù wọlé fún.

“Tẹjú,” Adéróunmú á wí láti ilé ìdáná, “bí kọ́sítọ́ọ̀mù bá mọ bí inú ẹ ṣe ń dùn yìí, wọ́n á wá tú ilé wa.”

Àmọ́ o, inú dídùn yẹn ní ibi tó mọ. Ìdílé Lúùkù ní àṣà kan tí wọn kì í fi ṣeré. Bí ọmọbìnrin wọn bá fẹ́ lọ sílé ọkọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin á di aṣọ mọ́ ọn níkùn, á fi ọ̀já gbà á, á ta kókó sí ìhà òsì, ìyàwó á sì fi oyún aṣọ yẹn sọ̀ kalẹ̀ láti ilé bàbá rẹ̀ dé géètì kó tó tú u. Àdúrà ọmọ ni, ni wọ́n ń sọ; bó bá bọ́ kó tó dé géètì, wọ́n ní ọmọ ò ní dé nìyẹn. Inú aṣọ náà ni wọ́n ti ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ sí. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí, ẹnì kan á ní ó dúró fún imọ̀ ọ̀pẹ Jésù, ẹlòmíràn á ní bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọmọ ni. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n ń lọ láti ìran dé ìran, ẹni tó sì tẹ̀ wọ́n dó n'Íbàdàn, kátíkíìsì ni, nítorí náà kò sẹ́ni tó rò pé ìdí àṣà náà lè jẹ́ ohun mìíràn yàtọ̀ sí àdúrà.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Tẹjúmọ́lá, oyún aṣọ rẹ̀ bọ́. Orí àtẹ̀gùn ilé bàbá rẹ̀ ní Bódìjà ló bọ́ sí, gbì, lójú gbogbo ẹbí. Àwọn kan sáré mú orin sẹ́nu, àmọ́ Tẹjúmọ́lá ti rí ojú Màmá Akóbo. Màmá Akóbo yìí, Ọláṣùmbọ̀ lorúkọ rẹ̀, Akóbo ló ń gbé la ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá Tẹjúmọ́lá, òun náà sì ni àgbà ìdílé. Láti ọjọ́ yẹn, ọdún mẹ́fà rèé, ọmọ kò tíì dé. Dókítà ní kò sóhun tó ṣe tọkọtaya. Màmá Akóbo ní òun mọ ohun tó ṣe wọ́n.

Kò yọ Tẹjúmọ́lá lẹ́nu púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó lọ́kọ tó ń pa á lẹ́rìn-ín, ó níṣẹ́ tó fẹ́ràn. Àmọ́ Ẹwàolúwa, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ ṣègbéyàwó. Òbí wọn méjèèjì ti sùn, Tẹjúmọ́lá ló sì tọ́ ọmọ yìí, tó ń dirun fún un, tó ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Òun náà ló yẹ kó di oyún aṣọ mọ́ ọn níkùn. Màmá Akóbo gbéra, ó wá bá a nílé.

“Tẹjúmọ́lá, mi ò bá ẹ jà o. Ṣùgbọ́n ẹni tí tiẹ̀ bọ́, kò yẹ kó di ti ẹlòmíì. Lọ́jọ́ náà, máa lọ jókòó dè wá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Má dúró nítòsí àtẹ̀gùn.”

“Màmá, èmi ni mo tọ́ Ẹwà.”

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ̀ pé o ò ní fẹ́ ibi fún un.”

Ọ̀rọ̀ náà dun Tẹjúmọ́lá wọ eegun. Kò sì lè bínú tán, torí ó mọ̀ pé tọkàntọkàn ni ìyá àgbà yìí fi gba ohun tó ń sọ gbọ́. Nígbà tí Ẹwàolúwa gbọ́, ó kọ̀ jálẹ̀. “Bí Sister mi ò bá ní dì í, mi ò ní di nǹkan kan. Bí mo ṣe wà náà ni Godswill ṣe máa fẹ́ mi.” Báyìí ni ilé pín sí méjì, tí ìgbéyàwó sì ń sún mọ́lé.

Tẹjúmọ́lá ti ní ìrìn àjò kan nílẹ̀ fún ìwádìí rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ní Challenge, ó forí lé ìsàlẹ̀ odò, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ títí ọkọ̀ fi kọjá Ṣágámù. Ní abúlé kan lẹ́bàá ọ̀sà, lápá Àgbádárìgì, wọ́n júwe Màmá Nùsírátù fún un, arúgbó tó ń hun ẹní lábẹ́ igi àgbọn. Tẹjúmọ́lá kúnlẹ̀ kí i, ó bi í bóyá ó gbọ́ nǹkan nípa àwọn obìnrin tó ń ṣe fàyàwọ́ nígbà ìwáṣẹ̀.

Arúgbó náà gbé ẹní sílẹ̀. “Ẹ̀yin ará òkè yìí! Á jẹ́ pé ẹ ò mọ̀ nípa obìnrin yín tó bí tábà?”

Tẹjúmọ́lá tan ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Ìtàn tí Màmá Nùsírátù sọ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún yín lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí mo fi í sí lẹ ó ti bá a.

Lúùkù wo ojú Bọ́láwùmí títí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ kóòtù tí ìjọba fún un, ó fi wé ẹrù tábà náà, orí níta, ẹsẹ̀ nínú, bí wọ́n ṣe ń wé ìkókó. Ó gbé e lé obìnrin náà lọ́wọ́, ó sì wí ketekete pé:

“Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá ìkókó.”

Ayẹni ló kọ́kọ́ gbà á. Ó ju àjẹ̀ sílẹ̀, ó pariwo láti inú ọkọ̀: “Ẹ kú ewu o!” Àwọn ẹlẹ́ja gbà á, àwọn aláàárù gbà á. Àwọn aṣọ́bodè yòókù wojú ara wọn, àwọn náà gbà á. Ẹni tó bá sì ti kí ìyá ọlọ́mọ kú ewu, báwo ló ṣe fẹ́ jẹ́rìí nílé ẹjọ́ pé kò bímọ? Òyìnbó yọjú láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

“Obìnrin kan ló bímọ sí èbúté, sà,” ni ògbufọ̀ dáhùn.

Òyìnbó ṣí akẹtẹ̀ rẹ̀. Ó ní ṣé orí wọn dàrú ni, tí wọ́n fi ń dá ìyá ọlọ́mọ tuntun dúró sínú oòrùn? Ó fi agolo bisikíìtì kan ránṣẹ́ sí i, ó pàṣẹ pé kí ọkọ̀ rẹ̀ kọjá láìtú ẹrù. Bọ́láwùmí gbé tábà pọ̀n lójú gbogbo wọn, ó ń jó o, ó ń rẹ̀ ẹ́, wọ́n sì tukọ̀ lọ.

“Ó parí, Màmá?” Tẹjúmọ́lá béèrè.

“Kí ló parí? Ìkómọ ń kọ́?”

Ní ọjọ́ kẹjọ, Lúùkù wọ aṣọ ìsinmi, ó lọ sílé tí Bọ́láwùmí dé sí ní Àgbádárìgì. Ó dọ̀bálẹ̀ fún baálé ilé, ó ní ìkómọ lòún wá jẹ.

“Ọmọ ti gba Ìbàdàn lọ, ọ̀gá,” ni Bọ́láwùmí wí, ẹ̀rín sì ń pa á.

“Kóòtù mi ń kọ́?”

“Ọmọ wọ̀ ọ́ lọ.”

“Ṣé ìyá ọmọ náà ń lọ?”

“Lọ́la ni.”

Lúùkù họ orí. “Ṣé ọ̀nà náà gba ẹni méjì?”

Bó ṣe fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nìyẹn. Àwọn ará ọ̀sà gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó di kátíkíìsì n'Íbàdàn, pé obìnrin náà sì di ìyá ìjọ. “Wọn ò jẹ́ sọ ọ́ fẹ́nì kan lọ́hùn-ún,” ni Màmá Nùsírátù wí. “Ṣé kátíkíìsì á ní fàyàwọ́ lòún fẹ́ ni? Àmọ́ Ayẹni ni ìyá bàbá mi, kò sí ọmọ tí wọn ò sọ ọ́ fún. Wọ́n tún kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń dì í. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ló máa ń wà nínú, kókó á wá sí ìhà òsì, kó má baà gún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún tukọ̀.”

Ara Tẹjúmọ́lá bù máṣọ. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ wọn?”

“Bọ́láwùmí. Ọkùnrin náà, Lúùkù.”

Tẹjúmọ́lá jókòó sórí ẹní tí wọn ò tíì hun tán, ó bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. Bọ́láwùmí ni ìyá bàbá bàbá rẹ̀. Àwòrán obìnrin náà wà ní pálọ̀ Bódìjà, pẹ̀lú Bíbélì lórí itan, ojú rẹ̀ le koko. Gbogbo ìdílé tó ń wárìrì pé kí oyún aṣọ má bọ́, oyún tó bọ́ ló bí wọn!

Nígbà tó padà dé, Akóbo ló kọ́kọ́ yà sí. Ó kúnlẹ̀, ó tan ohùn Màmá Nùsírátù sílẹ̀, Màmá Akóbo sì tẹ́tí, ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Nígbà tó dé ibi tábà, ó dìde.

“Fàyàwọ́? Ìyá bàbá mi? Gbé nǹkan yẹn kúrò níwájú mi!”

“Màmá, ẹ jẹ́ ó parí.”

Ó parí. Ìyá àgbà náà dúró lójú fèrèsé, ó kẹ̀yìn sí i.

“Ó ní ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀?”

“Ó ní ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, Màmá. Kókó ní ìhà òsì.”

Màmá Akóbo yíjú padà sí i. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ọmọdé ló fi sọ ọ́. “Nígbà tí wọ́n di ti àbúrò bàbá mi, mo wà níbẹ̀, mo kéré. Ìyá bàbá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní láti gbé àga fún un. Bàbá àgbà sá jáde sí fàráńdà, èjìká wọn ń gbọ̀n. Mo bi wọ́n pé kí ló ṣe wọ́n. Wọ́n ní…” Ẹ̀rín gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. “Wọ́n ní ẹ̀mí mímọ́ ló bà lé wọn!”

Ó jókòó wọ̀ọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, gèlè rẹ̀ tú, ó fi nu ojú. Tẹjúmọ́lá náà bá a rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá ara wọn lọ́wọ́ bí ọ̀rẹ́. Ìyá náà kò tọrọ àforíjì o. Àwọn àgbà ìdílé Lúùkù kì í tètè tọrọ àforíjì. Àmọ́ nígbà tí Tẹjúmọ́lá dé ẹnu ọ̀nà, ó pè é padà.

“Ìwọ ni kó o di ti àbúrò ẹ. Ṣé o gbọ́? Má sì dì í le jù.”

Ẹni tó bá ń retí kí n sọ pé Tẹjúmọ́lá lóyún lóṣù kejì, kó lọ gbọ́ ìtàn lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ọmọ wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ó kúnlẹ̀ níwájú Ẹwàolúwa, ó to ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wé aṣọ, ó gba ọ̀já, ó ta kókó sí ìhà òsì, kò sì dì í le jù.

Ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ kí Godswill ti dúró dè wọ́n, ṣùgbọ́n Màmá Akóbo ti pàṣẹ pé kó wá dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ní Bódìjà, kó sì wọ kóòtù tó ní bọ́tìnnì idẹ. Ẹbí ń wo ara wọn; ẹni mẹ́ta péré nínú wọn ló mọ ìdí rẹ̀, àti Godswill tí wọ́n ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹwàolúwa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ikùn rìgìdì. Ó dé àtẹ̀gùn tí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bọ́, ó mí sínú, ó gbọn ìdí. Gbì!

Àwọn ẹ̀gbọ́n kan figbe ta. Àmọ́ Godswill ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bọ́ kóòtù, ó fi wé e, ó gbé e lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wá fi Yorùbá tó kọ́ l'Ágbowó kígbe pé, “Ẹ kú ewu ọmọ, ma!”

“Ẹ kú ewu o!” Màmá Akóbo gbà á, ó sì sọ ìtàn náà lójú ẹsẹ̀, fún gbogbo wọn, láìfi ibì kan pamọ́, títí dé orí bisikíìtì òyìnbó. Nígbà tó fi máa dé ibi ìkómọ, ẹ̀rín ti dá àwọn kan jókòó sílẹ̀. Awakọ̀ tó fẹ́ gbé ìyàwó pa ẹ́ńjìnì, ó wọlé wá gbọ́.

Láàárín ariwo yẹn, Màmá Akóbo gbọ̀nà ẹ̀yìn gòkè lọ bá Tẹjúmọ́lá lórí àtẹ̀gùn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

“Ọdún mẹ́fà ló yẹ kí n ti kí ẹ,” ló wí. “Tiẹ̀ bọ́, a ò kí ẹ. Tẹjúmọ́lá, ọmọ Bọ́láwùmí, kú ewu.”

Tẹjúmọ́lá kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn náà. “Ewu iná kì í pa àwòdì, Màmá,” ló dáhùn, ìyá àgbà náà sì fà á mọ́ra.

Ọjọ́ yẹn ni ìdílé Lúùkù kọ́kọ́ pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì.